Oyin Tó Fẹ́ẹ̀ Dí Mi Lọ́nà Mẹ́kà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá ibì kan fìdí lé, ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí oyin ṣe fẹ́ẹ̀ dí mi lọ́nà Mẹ́kà. Bẹ́ẹ̀ ni, oyin! Oyin tí a fi ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun!

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀dà ilé ni mò ń tà l'Ajah, pé Abraham Adésànyà Estate ni mò ń gbé, àti pé ẹnu mi máa ń mú bí ebi bá ń pa mí. Ẹni tí kò mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, a ti mọra báyìí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní súgà. Kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù. Mò ń lo oògùn mi, mo ti yọwọ́ súgà kúrò nínú tíì, mo sì la ojú méjèèjì sílẹ̀ tí mo fi ń ṣọ́ ẹsẹ̀ mi. Ṣebí ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ ni pé ẹsẹ̀ ni súgà ń bá jà? Egbò kékeré ni, kò ní jinná, ó di pé wọ́n fẹ́ gé e. Nítorí náà, èmi kì í rìn láìwọ bàtà, kódà nínú yàrá mi. Mò ń fi òróró pa á, mò ń yẹ àárín ọmọ ìka wò lálaalẹ́. Bí wọ́n bá ń fún ẹsẹ̀ ní ẹ̀bùn l'Ajah, tèmi ló máa gbà á!

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ mi fẹnu kò, wọ́n ní àwọn máa rán mi lọ sí Háàjì. Mo sunkún, mo jó, mo tún sunkún. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń fẹ́ láyé tó ìyẹn. Èmi àti Bàbá Mùdá, ọkọ mi, la jọ ń fi í sádùúrà fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ọlọ́hun sì pè é lọ kí ọ̀nà tó là.

Gbogbo ọjà ti ń pè mí ní Àlàájà láti ìgbà tí mo ti ń lo ìborùn, bí ẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe. Ìyá Káfáyá nìkan, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, ló máa ń pè mí ní "Àlàájà tí kò wọ bàálù rí". Mo ní kó máa bá a lọ, ẹnu ẹ̀ máa tó pa dé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ tèmi. Mo ní ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ mímọ́, ohun tí wọ́n ń jẹ nílẹ̀ mímọ́ ló yẹ kó máa jẹ. Mo ra oyin, oyin gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi súgà sè. Mo ra dàbínù. Láàárọ̀, oyin nínú omi gbígbóná. Lọ́sàn-án ní ìsọ̀, bí oníbàárà bá ń yan àwọ̀ ọ̀dà, èmi ń yan dàbínù. Lálẹ́, oyin tún ni. Ṣé gbogbo wa kọ́ la gbọ́ pé ìwòsàn wà nínú oyin? Ṣé Ànábì ò fẹ́ràn dàbínù ni? Kí ni súgà tó fẹ́ dúró níwájú ìyẹn?

Oúnjẹ gan-an, mo ti yí i padà. Wọ́n ní kí onísúgà máa jẹ òkèlè wíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Mò ń jẹ ẹ́ o! Òkèlè wíìtì mi, tí mo bá gbé e ka iwájú, ẹ ò ní rí mi lẹ́yìn rẹ̀. Ọbẹ̀ rẹ̀ sì rèé, epo léfòó, ṣàkì, pọ̀nmọ́, àti magí tó pọ̀ dáadáa. Wọ́n ṣáà ní kí n máa jẹ wíìtì, ẹnikẹ́ni ò sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Háàjì kì í ṣe eré ọmọdé. Ìrìn ibẹ̀ pọ̀, oòrùn ibẹ̀ mú, ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gbé e, dókítà ò ní fọwọ́ sí i pé kó lọ. Mùdáṣírù, àkọ́bí mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Igbó Ẹfọ̀n, ní kò yẹ ká dúró di ọjọ́ tí wọ́n máa pe gbogbo àwọn tó ń lọ fún àyẹ̀wò. Ó ní ká tètè lọ mọ ibi tí ara dé. Ó mú mi lọ sí ọsibítù kan nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Mo múra dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo tiẹ̀ lé tìróò! Mo mọ̀ pé wọ́n máa yìn mí ni.

Dókítà tó dá wa lóhùn kéré sí Mùdá lọ́jọ́ orí, ọmọ Mùsùlùmí bíi tiwa, ohùn rẹ̀ tutù. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n lẹ àwọn wáyà mọ́ mi láyà láti gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun gun àtẹ̀gùn lọ sókè, jẹ́jẹ́, kí n dúró bí kò bá rọrùn.

Mi ò dé ìdajì. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, tìróò ti bá òógùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí èsì jáde, dókítà pè wá wọlé. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú o. Bó ṣe wà yìí, mi ò lè fọwọ́ sí i pé kí ẹ lọ."

"Nítorí kí ni?" Mo bọ́ bàtà, mo na ẹsẹ̀ sí i. "Ẹ wò ó! Ẹ wo ibi tí egbò wà níbẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹsẹ̀ yín dára gan-an, mà. Ọkàn yín ni mò ń sọ."

Ọkàn kẹ̀? Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní bí súgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, díẹ̀díẹ̀ lá máa ba inú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jẹ́. Ọ̀rá á ráyè lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ọ̀nà á wá há bíi páìpù tí ìdọ̀tí ń dí. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún kún un, ọkàn á máa ṣe làálàá kí ẹ̀jẹ̀ tó ráyè kọjá. Ó ní tèmi ò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ń pọ̀ jù fún un. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn tí súgà ń mú lọ, ọ̀nà ọkàn ló ń gbà, kì í ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀.

Ara mi tutù. Bàbá Mùdá náà ní súgà. Kò sí egbò kankan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí ó fi kú. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ní àyà ń dun òun, kó tó di ọ̀sán ó ti parí. A ní àmúwá Ọlọ́hun ni, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé súgà àti ọkàn jọ ń rìn. Mo bojú wo Mùdá, ó ti tẹrí ba. Ohun kan náà ló ń rò.

Dókítà wá bi mí léèrè ohun tí mò ń jẹ. Háà! Ojú mi tún là. Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, oyin àárọ̀, oyin alẹ́, dàbínù tó wà láàárín. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga o, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ó ní oyin dára, òun náà ń lá a. Ṣùgbọ́n bí oyin bá ti dé inú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ súgà ló ń ṣe níbẹ̀, dàbínù náà bẹ́ẹ̀ ni. "Mummy, ìwòsàn wà nínú ẹ̀ lóòótọ́," ló wí, "ṣùgbọ́n a kì í fi kọ́ọ̀pù mu ìwòsàn."

Mùdá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tí mo fi wò ó, ó ní láti di ẹnu mú.

Ohun tí dókítà sọ kò le rárá. Ó ní kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo mi. Kí ìdajì tó kù jẹ́ ti òkèlè àti ẹja tàbí ẹ̀wà, kí wọ́n pín in lọ́gbọọgba. Kí n dín epo, iyọ̀ àti magí kù. Kí n máa rìn lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ń rìn, ẹran ara á máa lo súgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn fúnra rẹ̀ á sì máa lágbára sí i. Bí àyà bá dùn mí tàbí ó fún mi pinpin, kí n dúró lójú ẹsẹ̀, kí n wá sí ọsibítù. Kí n má sì fi oògùn mi sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló kù kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò àwọn tó ń lọ. Ó ní ká tún pàdé nígbà náà.

Mo fi ìbínú dé ilé. Ta ni mò ń bínú sí? Mi ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oyin.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo wọ bàtà tí Mùdá rà fún mi, mo bọ́ sóde. Mo rìn láti ẹnu géètì estate wa dé ibi tíráńsífọ́mà, mo padà sílé, mo sùn. Ẹni tó bá rí mi á rò pé mo ti rìn dé Ẹ̀pẹ́.

Ìyá Káfáyá ló kó mi yọ. Ó gbọ́, ó wá, ó ní òun ò lè jẹ́ kí èmi nìkan máa rìn kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin yìí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sanra! Dókítà ti ní kí n máa rìn débi tí mo fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí mi ò ní lè kọrin. Ó rọrùn fún mi. Ìyá Káfáyá kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ráyè sọ̀rọ̀, ká tó wá sọ pé orin.

Òun náà ló mú ọgbọ́n wá lọ́jọ́ kan. "Ṣebí àárín òkè Sọ́fá àti òkè Màríwá lo fẹ́ lọ rìn ní Mẹ́kà, ìgbà méje? Jẹ́ ká fi géètì ṣe Sọ́fá, ká fi tíráńsífọ́mà ṣe Màríwá!"

Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n Àáfáà wa ní rárá o, ìrìn jẹ́ ìrìn, ìjọsìn jẹ́ ìjọsìn, ká má fi orúkọ ibi mímọ́ pe tíráńsífọ́mà. A gbà. Géètì ń jẹ́ géètì, tíráńsífọ́mà ń jẹ́ tíráńsífọ́mà. Àmọ́ ìgbà méje náà la fi ṣe àfojúsùn wa. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan, mò ń fi kún un nígbà tí ara bá gbà.

Nígbà tó yá, àwọn obìnrin àsàlátù mẹ́rin, márùn-ún, bá dara pọ̀ mọ́ wa, gbogbo wa nínú ìborùn funfun, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Sìkiọ́rítì ẹnu géètì ò lè fara mọ́ ọn mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló sọnù tí ẹ ń wá láràárọ̀?"

Ìyá Káfáyá dá a lóhùn. "Ọkàn Àlàájà la ń wá! Bí o bá rí i, bá wa gbé e sí ilé géètì!"

Ẹ̀rín pa wá, ọ̀kan nínú wa ní láti jókòó sílẹ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ o. Àárọ̀ ọjọ́ kan wà tí mo lo oògùn mi, tí mo sì ní mi ò ní jẹun, kí súgà lè tètè sálọ. Ọgbọ́n orí èmi! Ìyá Káfáyá ò sì wá lọ́jọ́ náà. Mo rìn dé àárín ọ̀nà, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn tútù bò mí. Ojú mi ń ṣú. Mo fara ti ògiri, mo ní, Ọlọ́hun, ṣé ibí náà ni?

Mummy Tọ́lá, aládùúgbò wa kan tó máa ń sáré láàárọ̀ kó tó lọ sí báńkì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Oniru, ló rí mi. Ìkíni "ẹ káàárọ̀" nìkan ló máa ń wà láàárín wa tẹ́lẹ̀. Ó sáré wá, ó mú mi jókòó. "Ẹ ti jẹun, mà? Ẹ ti lo oògùn?" Ìdáhùn mi ló jẹ́ kó mọ̀. Súgà bàbá tirẹ̀ náà máa ń já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sáré wọ ilé tó wà nítòsí, ó gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ní kí n mu ún. Kò pẹ́ tí ojú mi fi là.

Ẹ gbà mí o! Súgà tí mò ń sá fún ló tún wá gbà mí là! Nígbà tí mo pe dókítà, ó bá mi wí dáadáa. Ó ní ẹni tó ń lo irú oògùn mi kò gbọ́dọ̀ fi ikùn òfìfo rìn. Kí n jẹ nǹkan díẹ̀ kí n tó jáde, kí súwíìtì sì wà lápò mi nígbà gbogbo, kì í ṣe láti máa lá a, bí kò ṣe fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Mummy Tọ́lá bá ń sáré kọjá lára wa, á dúró, á bá wa rìn díẹ̀. Òun ní Jésù, àwa ní Ànábì, gbogbo wa ní ọkàn.

Ibi tó le jù fún mi ni sàárà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àsàlátù mọ̀ pé lẹ́yìn àdúrà, ẹnì kan á gbé oúnjẹ jáde, a kì í sì í kọ sàárà. Bí o bá kọ̀ ọ́, ṣe ló dà bí ìgbà tí o kọ àdúrà onítọ̀hún. Pọ́fùpọ́fù gbígbóná ni wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ Sunday kan. Òórùn rẹ̀ ń wọ imú mi, ó ń pe orúkọ mi! Mo gba tèmi, mo ṣe àmín, mo yí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, mo fi lé Ìyá Káfáyá lọ́wọ́.

Ó ní, "Kò dáa báyìí. Tó bá kan èmi láti ṣe sàárà, ẹ̀wà àti ẹja ni mo máa sè, kí Àlàájà lè bá wa jẹ." Ó sì ṣe é. Àwọn kan kùn pé irú sàárà wo nìyẹn, wọ́n sì ń kùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lá ṣíbí.

Oṣù mẹ́ta pé. Mi ò lé tìróò lọ́jọ́ náà. Oorun ò tiẹ̀ kùn mí dáadáa mọ́jú, kí n má tàn yín. Mò ń rò ó pé bí wọ́n bá tún dá mi padà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà kan náà tí Bàbá Mùdá gbà ni ọkàn tèmi náà ti ń tọ̀?

Àtẹ̀gùn kan náà ni dókítà ní ká gùn. Mo di irin mú, mo ní bísímíláì. A dé ìdajì. Mo kọjá ìdajì. Nígbà tí mo dé òkè, mò ń mí o, kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n mo lè sọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Dókítà, ṣé ó tún ku òmíì lókè ni?"

Èsì jáde. Kò sọ pé súgà ti lọ o! Ó ní ó ti wálẹ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wálẹ̀, ọkàn mi ń lù ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí n máa bá oògùn, oúnjẹ àti ìrìn lọ títí ayé. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i. Mùdá, ọkùnrin gíga bẹ́ẹ̀, ló kọ́kọ́ sunkún. Alihamudulilahi!

Bí mo ṣe dé Mẹ́kà nìyẹn. Àwọn ọmọ mi ti bá olórí ikọ̀ wa sọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì mí nígbà tí mo bá fẹ́ rin àárín Sọ́fá àti Màríwá. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gbé e, ẹ̀sìn gbà á láyè. Àwọn ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ ń pè mí, "Hájà! Hájà!" Mo mi orí. Mo ní ẹ ṣeun, mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn.

Mo rìn ín. Mò ń dúró sinmi, mò ń mu omi, mo tún ń rìn. Nígbà tí ìkeje pé, mo dúró sórí Màríwá láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, mo gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ń lù. Ó ń lù kíkankíkan, kò sì dùn mí. Mo ṣàdúrà fún Bàbá Mùdá níbẹ̀, mo ní kí Ọlọ́hun foríjì í, kí Ó fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ẹkún tí mo sun níbẹ̀, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ayọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ nìkan kọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. Ẹni tó bá ní súgà, kó máa ṣọ́ ẹsẹ̀, ó dáa, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ ọkàn pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, torí oògùn mi lè má jẹ́ tiyín. Oúnjẹ tó dáa náà ní ìwọ̀n. Ẹ má dá nìkan rìn, ẹ wá ọ̀rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi!

Ìwọ ńkọ́? Kí ni wọ́n ti sọ fún ọ pé ó dára fún onísúgà, tó jẹ́ pé àjẹjù rẹ̀ ló ń bá ọ jà? Ta ló ń bá ọ rìn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú, mo ti kó ti ara mi sílẹ̀ ná. Ẹ kọ ọ́, kí obìnrin kan tí ọkọ tirẹ̀ ṣì wà láàyè lè kà á fún un lónìí.